Ẹ̀kọ́ kẹ́místrì tó dá lórí iṣẹ́ àkànṣe ní SS 2: báwo la ó ṣe ṣe é tí kò fi ní pa WAEC àwọn ọmọ lára?

Olùkọ́ kẹ́místrì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n mú ilé ẹ̀kọ́ wa mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama díẹ̀ tí yóò dán ètò tuntun kan wò fún sáà méjì. Nínú ètò náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 yóò máa kọ́ kẹ́místrì nípa iṣẹ́ àkànṣe, dípò kí olùkọ́ máa kọ àlàyé sí ojú pátákó kí àwọn ọmọ sì máa dà á kọ. A ó pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti inú ayé tí wọ́n ń gbé, wọn yóò wọn ohun tó bá ṣeé wọ̀n, wọn yóò kọ ìjábọ̀, wọn yóò sì dúró níwájú kíláàsì láti gbèjà ohun tí wọ́n kọ.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn ètò náà. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ni ní kẹ́místrì, mo sì ti rí ọmọ tó lè ka gbogbo àbùdá ásíìdì lórí láìwo ìwé, síbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ohun tó ń kan nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń fún sórí ẹja ni ásíìdì tí a ń wí. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ fò lọ lẹ́yìn ìdánwò, ó sì máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá pàdé ọmọ tí mo kọ́ tẹ́lẹ̀ tí kò rántí ohunkóhun mọ́ ju pé kẹ́místrì le lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ 72 ló wà nínú kíláàsì mi, bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn ásíìdì bí ó ṣe ń kán sílẹ̀) mẹ́jọ péré la ní nínú láàbù, méjì nínú wọn sì ń jò. Ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo ń bá wọn pàdé, ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún wúwo jù ni WAEC. Gbogbo wa la mọ bí ìdánwò kẹ́místrì rẹ̀ ṣe rí: máàkì 50 fún Pépà 1, máàkì 100 fún Pépà 2, máàkì 50 fún Pépà 3 tí í ṣe ti iṣẹ́ ọwọ́ nínú láàbù. Nínú máàkì 200, ohun tí ọmọ bá rántí tó sì lè kọ sílẹ̀ ló ni 150. Bí mo bá wá fi odidi sáà kan tẹ̀lé ìbéèrè kan ṣoṣo, nígbà wo ni mo fẹ́ kọ́ wọn ní electrolysis, nígbà wo ni mo fẹ́ dé orí organic? Àwọn òbí ti ń béèrè, mi ò sì fẹ́ fún wọn ní ìdáhùn tí kò dá mi lójú.

Mo tún fẹ́ mọ bí a ṣe ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì láìṣe àìtọ́ sí ẹnikẹ́ni, torí pé gbogbo wa la mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà, ọmọ kan tàbí méjì ló máa ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn yòókù yóò sì kọ orúkọ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àtòkèèrè ni mo fẹ́ ti wo igi gogoro yìí.

Olùkọ́ kẹ́místrì, Abẹ́òkúta

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré, mi ò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé iṣẹ́ àkànṣe àti WAEC kò bá ara wọn jà rárá, bí ó bá jẹ́ pé inú iṣẹ́ àkànṣe náà gan-an ni àwọn ọmọ ti pàdé ohun tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú ni pé a ó kọ́ wọn ní sílábọ́ọ̀sì lọ́nà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a ó wá fi iṣẹ́ àkànṣe lé e, bí ẹni gbé ẹrù kejì lé orí ẹni tó ti ru ẹrù tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe, kí ó lè yé yín.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a fi aró ṣe ìbéèrè fún SS 2. Ìtokú, ọjà àdìrẹ, kò jìnnà sí wa, ó sì ṣòro kí ẹ tó rí kíláàsì kan tí kò ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ. Ìbéèrè náà kúrú: kí ló dé tí aṣọ tí a bọ inú aró fi ń jáde ní àwọ̀ ewé, tó sì ń di àwọ̀ aró níṣojú wa nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i? Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ṣì ń fi ewé èlú pa aró, torí pé ọ̀pọ̀ aláró òde òní ti ń lo aró tí wọ́n rà lọ́jà pẹ̀lú kọ́sítíìkì. Ìkòkò méjì ni ìyá náà gbé lé ara wọn. Ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀. Ó ń da omi sí i láti òkè, omi eérú sì ń kán sínú ti ìsàlẹ̀. Ó ti ìka bọ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó ní: “Kò tíì le tó, ẹ jẹ́ kó tún kán.”

Ọ̀rọ̀ “le” yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé. Nígbà tí a padà dé kíláàsì, mo bi wọ́n léèrè bí a ṣe lè mọ bí omi eérú ṣe le tó láìfi ẹnu tọ́ ọ wò, mo sì kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé ẹnu kì í ṣe ohun èlò láàbù. Ọmọbìnrin kan ní kí a fi ásíìdì pa á, kí a wo iye ásíìdì tí yóò gbà kó tó kú. Ẹ gbọ́ o, ọmọ yẹn kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní titration, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbé bùrẹ́ẹ̀tì jáde.

A da omi ìdajì lítà sórí eérú igi gíráàmù 100, a sẹ́ ẹ, a fi pípẹ́ẹ̀tì fa 25 cm³ nínú rẹ̀, a kán methyl orange (oògùn tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá ti pa omi eérú tán) sí i, a sì da hydrochloric acid 0.1 mol/dm³ sínú bùrẹ́ẹ̀tì. Ásíìdì náà ń sọ̀ kalẹ̀, àwọ̀ iyeyè kò yí padà. Ó dé 30, ó dé 40, ó dé 50, bùrẹ́ẹ̀tì gbẹ, àwọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí pé omi tí èmi tíṣà máa ń pò fún wọn tẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí 24 tàbí 25 lọ tí àwọ̀ fi ń yí. Mo ti máa ń tún ọ̀nà ṣe sílẹ̀ dè wọ́n. Ọjọ́ náà ni wọ́n tó bi ara wọn pé kí ló fà á, tí wọ́n sì rí i fúnra wọn pé omi eérú náà le ju ohun tí bùrẹ́ẹ̀tì kan lè pa lọ, pé àfi kí a fi omi là á. A fi omi mímọ́ sọ 50 cm³ rẹ̀ di 250 cm³, a tún un ṣe, a sì rí 12.40, 12.30 àti 12.40 cm³. Bí a bá ka gbogbo álíkálì inú rẹ̀ sí K₂CO₃ (potassium carbonate), ìṣirò náà fún wa ní nǹkan bí 0.124 mol/dm³ fún omi eérú tí a kò tíì là, tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 17 nínú lítà kan. Kò sí ọmọ tó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìlò lílà omi, tàbí kí ló dé tí a fi ń fi márùn-ún sọ èsì di púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn fúnra wọn ni bùrẹ́ẹ̀tì gbẹ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó bọ́ sórí àwọ̀ ewé tó ń di àwọ̀ aró. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Inú omi eérú, nínú ìkòkò tó ti kan tí atẹ́gùn kò sì ráyè wọ̀ dáadáa, ló ti máa ń gba reduction (ó ń gba electron), tó sì ń di ohun tó lè yọ́ kí ó sì wọ inú òwú. Bí a bá fa aṣọ jáde, oxygen inú atẹ́gùn yóò tún oxidation ṣe fún un (yóò gba electron náà kúrò), yóò padà di ohun tí kò lè yọ́ mọ́, inú òwú yóò sì há a mọ́lẹ̀. Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ redox (reduction àti oxidation) pẹ̀lú zinc àti copper sulphate, mi ò sì rí ọdún tí ó yé àwọn ọmọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn gbé: ásíìdì, álíkálì àti iyọ̀, mole àti concentration, titration tí í ṣe ìbéèrè kìn-ín-ní nínú Pépà 3, àti redox. Gbogbo rẹ̀ ni WAEC máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n mi ò wá iṣẹ́ àkànṣe fún gbogbo orí ọ̀rọ̀. Periodic table àti orúkọ àwọn organic, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ́ wọn, mi ò sì tijú bẹ́ẹ̀.

Ní ti máàkì, nínú 30 tí mo ní fún iṣẹ́ àárín sáà, 10 ni mo fún ìjábọ̀ ẹgbẹ́, 20 sì jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ṣe titration tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ó kọ èsì tirẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ó sì dáhùn ìbéèrè méjì tí mo bá bi í lójúkojú. Ìbéèrè méjì náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, òun ló sì ń jẹ́ kí n mọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Fún bùrẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, ẹ pín kíláàsì sí méjì: kí ìdajì kan máa wọ̀n, kí ìdajì kejì máa ṣe ìṣirò ti ọjọ́ tó kọjá, kí wọ́n sì pààrọ̀ ààyè ní ọjọ́ kejì.

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Òṣogbo

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Èmi kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Nígbà tí ọmọ mi àgbà wà ní JSS 3, ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ nígbà náà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ àkànṣe sáyẹ́ǹsì wá. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún wa. Gbogbo àdúgbò ló mọ káfíńtà tó ń bá wọn ṣe é: ẹni tó bá lówó, ọmọ rẹ̀ á gbé ilé onípátákó tó ní gílóòbù tó ń tàn lọ, wọn á sì fún un ní máàkì tó pọ̀. Ọmọ tèmi fi agolo àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣe asẹ́ omi fúnra rẹ̀. Máàkì tó gbà kéré, torí pé kò dán. Ó sunkún délé. Mi ò gbàgbé ẹkún yẹn títí di òní, torí pé láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn kò ti fẹ́ gbọ́ sáyẹ́ǹsì sétí mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá máa ṣe é, inú ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, níṣojú yín, pẹ̀lú ohun tí gbogbo ọmọ lè rí láìnáwó. Ẹ má jẹ́ kí a máa gbé e relé. Bí ó bá ti dé ilé, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ mọ́, owó òbí ló di.

Olùkọ́ físíìsì, Lọ́ńdọ̀n

Mo kí yín láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa láti Òṣogbo sọ bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu gan-an, torí pé ọ̀rọ̀ ọmọ tálákà àti ọmọ olówó ni ibi tí ìdánwò irú ètò báyìí ti há ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí.

Education Endowment Foundation, tí í máa ń sanwó fún ìwádìí lórí ẹ̀kọ́, gbé ìjábọ̀ kan jáde ní ọdún 2016 lórí ètò iṣẹ́ àkànṣe fún àwọn ọmọ Year 7, àwọn tí wọ́n tó ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá. Ilé ẹ̀kọ́ 24 ni wọ́n pín sí méjì: ìdajì ṣe ètò náà, ìdajì kejì ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ètò náà mú ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn ọmọ gòkè. Kódà, ó jọ pé àwọn ọmọ tí ìjọba ń fún ní oúnjẹ ọ̀fẹ́, tí í ṣe àwọn ọmọ tálákà, ṣe kù díẹ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ètò náà. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà sọ pé kí a má gbára lé èsì yìí jù, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ṣe ètò náà tó yọwọ́ kí ó tó parí. Fún èmi tí mo ń kọ́ni, yíyọwọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù níbẹ̀: iṣẹ́ náà wúwo fún olùkọ́, bí kò bá sì sí ẹni tó bá a gbé e, yóò sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ wá fi wé èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí Barbara Schneider àti Joseph Krajcik ti Michigan State University darí rẹ̀. Kẹ́místrì àti físíìsì ilé ẹ̀kọ́ girama ni tiwọn, ní ìpínlẹ̀ Michigan àti California, nínú ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 60, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 4,000 lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé àwọn ọmọ tó wà nínú ètò náà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò tí kì í ṣe àwọn olùṣètò náà ló gbé e kalẹ̀. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Èmi ò lè fi ẹ̀rí sọ ọ́ tán, torí pé ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà àti ohun tí wọ́n wọ̀n kò dọ́gba, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn kò ní kí olùkọ́ lọ máa dá ìbéèrè wá. Wọ́n ti kọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbéèrè kan ló ń darí rẹ̀, irú bíi báwo ni a ṣe lè ṣe ọkọ̀ tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò fi ní fara pa púpọ̀ bí ó bá kọlu nǹkan. Láti inú ìbéèrè kan yẹn ni agbára, ìyára àti momentum ti ń jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Wọ́n sì kọ́ olùkọ́ náà, wọ́n dúró tì í jálẹ̀ ọdún.

Ohun tí olùkọ́ wa ní Abẹ́òkúta ṣe pẹ̀lú omi eérú bá èyí mu ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó sanwó fún wọn. Ọ̀gá wa ní Ìbàdàn, bí mo bá wà ní ipò yín, kí n tó gbà láti bẹ̀rẹ̀, màá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbé ètò náà wá pé: ta ni yóò kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ìgbà mélòó ni ẹ ó sì wá bẹ̀ wá wò nínú sáà? Bí wọn kò bá ní ìdáhùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ìbéèrè kan, kì í ṣe sáà méjì.

Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ayọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń pè ní tuntun yìí kò ṣàì ní ìtàn nílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, STAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, ló gbé ètò Nigerian Integrated Science Project jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni pé kí ọmọ fọwọ́ kàn án, kí ó fojú rí i, kí ó béèrè, kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀. Mo fi ìwé yẹn kọ́ni. Ohun tó pa á lára kì í ṣe pé kò dára. Kíláàsì kún, ohun èlò kò tó, àwa olùkọ́ sì padà sí ohun tí a mọ̀: ẹ dà á kọ, ẹ há a sórí.

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní ọdún 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ introductory technology wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà títí ìpẹtà fi jẹ wọ́n, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ìkòkò méjì àti eérú. Kò sí ẹni tí yóò fi ìyẹn sínú àpótí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì mẹ́nu bà, òun ni èdè. Ẹ fi etí sí àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń fi ẹ̀rí gbe ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń já geere. Bí ẹ bá wá ní kí wọ́n kọ ìjábọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo làákàyè yẹn á pòórá, wọn á lọ da gbólóhùn inú ìwé kọ. Ọmọbìnrin tó ní kí a fi ásíìdì pa omi eérú “kó tó kú”, bí ẹ bá ní kó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, ẹ kò bá má gbọ́ ọ. Àwa tí a wà nítòsí Ifásitì Ifẹ̀ rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

WAEC kò ní bi wọ́n ní Yorùbá, mo mọ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe é ní ìgbésẹ̀ méjì. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tó fà á ní Yorùbá, kí ẹ̀yin olùkọ́ gbọ́ ọ kí ẹ sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí olùdánwò ń retí. Ẹ fún ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ní máàkì tirẹ̀. Bí ẹ kò bá fún un ní máàkì, àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé ẹ kò kà á sí.

Olùkọ́ kẹ́místrì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní àná. A ti pinnu pé a kò ní ṣe é fún sáà méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ó kọ́kọ́ ṣe, nínú ilé ẹ̀kọ́, láìsí ohun tí òbí yóò rà. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó gbé ètò náà wá pẹ̀lú ìbéèrè méjì tí olùkọ́ wa ní Lọ́ńdọ̀n sọ, mo sì ń retí èsì.

Ìbéèrè tí a mú ni ti gààrí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ọmọ wa ló ń yan án tà: gààrí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó yan án kan ju ti ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ìlọ́po mélòó ló fi kan jù ú lọ? A fẹ́ rin gbágùúdá ní ọjọ́ Ajé, kí a máa fa omi rẹ̀ lójoojúmọ́ títí di ọjọ́bọ̀, kí a sì fi sodium hydroxide wọn ásíìdì inú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ǹjẹ́ ẹ rí ohunkóhun níbẹ̀ tó lè mú wa kọsẹ̀?

Olùkọ́ kẹ́místrì, Abẹ́òkúta

Ìbéèrè náà dára púpọ̀, inú mi sì dùn pé iye lẹ fẹ́ mọ̀, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán. Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́rin.

Omi gbágùúdá tútù ní cyanide, májèlé, nínú. Ìta gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ni kí ẹ ti rin ín kí ẹ sì fún un, kí ẹnikẹ́ni má fi imú sún mọ́ ọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan tọ́ ọ wò nítorí àtimọ̀ bí ó ṣe kan.

Phenolphthalein ni kí ẹ lò, ẹ má lo methyl orange, nítorí pé lactic acid tó ń mú un kan kì í ṣe ásíìdì líle, àwọ̀ methyl orange yóò sì ti yí kí ásíìdì náà tó tán. Ẹ fi èyí bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kí ẹ tó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. WAEC fẹ́ràn rẹ̀.

Sítáàṣì yóò mú kí omi náà funfun bí omi ògì, ẹ kò sì ní rí ibi tí àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò fún wákàtí kan, kí ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì gbé ìgò náà lé orí bébà funfun.

Èyí tó kẹ́yìn ni aago. Ẹ fa omi náà ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, láti inú àpò kan náà. Ẹgbẹ́ kan nínú kíláàsì mi fa tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì fa ti ọjọ́ kejì nírọ̀lẹ́, wọ́n wá ń bi mí léèrè ìdí tí ìlà gíráàfù wọn fi wọ́. Mo ní kí wọ́n lọ wo ìwé wọn. Wọn kò kọ aago sí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan.